Ìtàn Ìgbésí Ayé Ọlábámijí Adétóyè, Ẹni Tó Ń Tún Orin Ṣe ní Ọ̀fà (1965–2025)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin àna wa, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá bá wa kẹ́dùn, a kí yín kú ìdúró tì wá. Àwa ẹ̀gbọ́n olóògbé ni a jókòó kọ ìtàn yìí. Bí a ṣe ń pe àbúrò ni a ṣe pè é nínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ rẹ̀ má ṣe kà á sí àfojúdi. Àbígbẹ̀yìn wa ni. Ó hu irùngbọ̀n funfun lóòótọ́, àbígbẹ̀yìn náà ni.

A bí Samuel Ọlábámijí Adétóyè ní ìlú Ọ̀fà, ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ọdún 1965, sínú agbo ilé Aláró. Baba rẹ̀ ni Bàbá Ṣẹ́gunfúnmi Adétóyè, ọ̀gá iléèwé àti atẹdùùrù ìjọ Áńgílíkà. Ìyá rẹ̀ ni Màmá Dúpẹ́olúwa, aránṣọ, tí wọ́n fẹ́ wá láti agbo ilé Alágbẹ̀dẹ ní òdìkejì ọ̀nà. Ilé méjèèjì kọjú síra wọn, wọ́n sì ti ń fẹ́ ọmọ ara wọn tipẹ́. Àwọn baba ńlá Aláró ló kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ dé lẹ́yìn wọn, a fún wọn nílẹ̀, a sì tún fún wọn níyàwó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà tí ẹ ó kà níwájú ti jáde.

Bámijí bẹ̀rẹ̀ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1971, ó sì parí girama ní 1983. Orí rẹ̀ pé, ìwé kò sì sú u, àmọ́ orin ló gba ọkàn rẹ̀. Baba wa kọ́ ọ ní dùùrù títẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Bí ó bá ti dé ibi tó dùn mọ́ ọn nínú orin kan, kì í kọjá ibẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ nìkan ni yóò máa tẹ̀, ìgbà ogún, ìgbà ọgbọ̀n, títí Baba wa yóò fi pariwo láti inú yàrá pé, “Ọlábámijí, ẹsẹ̀ kejì ńkọ́?” Gbogbo àwa tí a jọ gbé inú ilé yẹn ni a mọ ẹsẹ̀ kìíní orin púpọ̀, tí a kò mọ ìyókù.

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Baba wa fẹ́ kí ó ṣe tíṣà bíi tiwọn, wọ́n tilẹ̀ ti gba fọ́ọ̀mù iléèwé àwọn olùkọ́ fún un. Bámijí di ẹrù rẹ̀ ní ọdún 1984, ó gba Ìlọrin lọ, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe rédíò lọ́dọ̀ Alhaji Ràímì. Ọdún mẹ́rin gbáko ló lò níbẹ̀. Ó gba ìyọ̀ǹda, ó padà sílé, òun àti Baba wa kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ tó dán mọ́rán fún ìgbà díẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1989, ó ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin. “Àtúnṣe Rédíò” ló kọ sára pátákó, àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì ló ń bọ́ ọ. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì méjì ló tò síra wọn lórí tábìlì. Orin ń lọ nínú ọ̀kan, èkejì ń gbà á sílẹ̀. Bí orin bá dé ibi tí ìlù nìkan ti ń dún, yóò gba ibẹ̀ sílẹ̀, yóò dá ẹ̀rọ kejì dúró, yóò yí ti àkọ́kọ́ padà sẹ́yìn, yóò tún tẹ̀ ẹ́, títí ìlù tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ yóò fi di odidi ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìka ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé kásẹ́ẹ̀tì híp-họ́ọ̀pù, orin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi irú ìlù àtúntẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe, wá sí ìsọ̀ náà ní ọdún 1992, ẹnu ya Bámijí. Ó ní òun ti rò pé wèrè òun nìkan ni, òun kò mọ̀ pé ó ní ẹbí lókè òkun.

Lọ́dún yẹn kan náà, ó mú orin kan tí ẹgbẹ́ akọrin ọ̀dọ́ ìjọ kọ, ó sì fi bíìtì híp-họ́ọ̀pù sí i nísàlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ jó títí, àwọn àgbà ìjọ sì ránṣẹ́ pe Baba wa. Baba wa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, “Kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ìlù nìkan ló pààrọ̀. Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀.” Láti ọjọ́ náà, a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tíṣà lẹ́nu wọn mọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá ọdún 1993, Bámijí fẹ́ Hàlímàt Àdùkẹ́, ọmọ ọ̀gá rẹ̀, Alhaji Ràímì. Gbogbo ọdún tó fi wà ní Ìlọrin, àwa rò pé rédíò nìkan ló ń kọ́. Ìyàwó wa di ẹ̀sìn rẹ̀ mú, ọkọ náà di tirẹ̀ mú. Wọ́n jọ ń jí sààrì, wọ́n jọ ń se ìrẹsì Kérésì, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ìjà ẹ̀sìn nínú ilé wọn rí. Ìjà bíìtì la máa ń gbọ́. Hàlímàt ni adájọ́ àgbà. Bí Bámijí bá ṣe bíìtì tuntun, yóò gbé sípíkà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣa ẹ̀wà. Bí ọwọ́ tó fi ń ṣa ẹ̀wà bá ń bá ìlù náà lọ láìmọ̀, bíìtì dára. Bí ọwọ́ bá dúró, Bámijí yóò yí padà, yóò lọ pa á rẹ́.

Ní ọdún 2004, ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó sì sọ ẹ̀yìn ìsọ̀ di sítúdíò. Aṣọ tó nípọn tí Màmá Dúpẹ́olúwa bá a rán ló fi bo ògiri kí ariwo ìta má baà wọlé. Síbẹ̀, ìta náà ló ti ń kó ìlù rẹ̀. Ó gba ohùn ẹ̀rọ ìlọta sílẹ̀ ní ọjà Òjòkú, ó gba ti àwọn ọlọ́kadà tó ń pe èrò Ìjàgbò, ó gba ti fèrè ọkọ̀ ojú irin, ó sì gba ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kan tó máa ń wúkọ́ kó tó dìde. Yóò gé wọn wẹ́wẹ́, yóò tò wọ́n, wọn yóò sì di ìlù tí ẹsẹ̀ kò lè kọ̀. Ẹni tó bá gbé orin àtijọ́ wá pé kí ó tún un ṣe, ohun àkọ́kọ́ tí yóò bi í ni pé, “Ta ló ni ín? Ṣé ó mọ̀ pé ẹ gbé e wá?” Bí olórin náà bá ti kú, ó di dandan kí wọ́n mú ọmọ rẹ̀ kan wá jókòó.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ pọ̀, láti Ọ̀fà títí dé Ẹ̀rìn-Ilé. A ó dárúkọ méjì, Habeeb àti Jàmíù, tí àwọn náà ti di ọ̀gá ní sítúdíò tiwọn lónìí. Oṣù kìíní lọ́dọ̀ rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Orin kan ṣoṣo ni wọn yóò máa gbọ́ láràárọ̀, wọn yóò sì sọ ohun tuntun kan tí wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀. Jàmíù sọ fún wa pé ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, òun gbọ́ tí ẹnì kan ń húkọ́ lẹ́yìn akọrin, ọ̀gá sì ra búrẹ́dì àti ẹyin fún òun.

A kò ní fi ẹ̀tàn kọ ìtàn àbúrò wa. Ní ọdún 2016, etí tó ń gbọ́ gbogbo nǹkan yìí ṣe àṣìṣe tó wúwo.

Màmá Àdìkẹ́, àbúrò Baba wa obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin nígbà náà, ni ẹnì kan ṣoṣo tó kù ní agbo ilé Aláró tó mọ oríkì ilé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ló máa ń kì í bí ọmọ ilé wa obìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, àti bí àgbà wa kan bá sùn. Bámijí gba ohùn wọn sílẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, ó sì fẹ́ fi ṣe orin híp-họ́ọ̀pù oníṣẹ́jú mẹ́rin. Nínú oríkì náà, lẹ́yìn tí Màmá bá ti yin Aláró tán, wọ́n máa ń yíjú sí àwọn àna. Wọn yóò pe orúkọ baba ńlá Alágbẹ̀dẹ, wọn yóò mí, wọn yóò wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dé tòun ti ẹní lábẹ́ apá, ó sì sùn sí ọ̀ọ̀dẹ̀ onílẹ̀ kí ó tó rí ilé kọ́. Orúkọ náà gùn, ó ń kọjá ìlù. Bámijí gé e kúrò, ó gé èémí náà kúrò, ó sì lẹ ìyókù pọ̀. Ó dùn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, Aláró ló dé tòun ti ẹní, Aláró ló sùn sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ẹlòmíràn. Ó ti sọ onílé di àlejò.

Kò mọ̀. Hàlímàt, ọmọ Ìlọrin, kò mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣa ẹ̀wà lọ. Orin náà ti orí fóònù dé orí fóònù, ó sì gbalẹ̀ láti Ìjàgbò dé Òjòkú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, agbo ilé méjèèjì ń ṣèpàdé lórí ibi tí ògiri tuntun yóò gbà láàárín wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilé Alágbẹ̀dẹ yọ fóònù jáde, ó tẹ orin náà, ó ní, “Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá yín fúnra yín. Ta ló sùn sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ta?” Ilé wó fún ẹ̀rín lápá ọ̀hún. Lápá tiwa, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Màmá Àdìkẹ́ wà níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Ohùn mi ni. Ọ̀rọ̀ mi kọ́.” Wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n wọlé lọ.

Láti ọjọ́ náà, Màmá kò ki ẹnikẹ́ni mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, Hikmat, ọmọ ilé wa, ń lọ sílé ọkọ ní Ìjàgbò. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà Màmá tòun ti ìbòjú lórí. Ìlẹ̀kùn kò ṣí. Ó lọ sílé ọkọ láìgbọ́ oríkì, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin kankan rí nílé wa. Bámijí sunkún lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ náà, kò sì bò ó. Ó mọ ohun tó wà nílẹ̀. Bí Màmá bá lọ tòun ti ẹnu pípadé, gbogbo ilé Aláró ló bá wọn lọ, òun àbígbẹ̀yìn ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹnu náà dé.

Ó bẹ̀bẹ̀. Ó rán àlùfáà, ó rán ìmáàmù, Màmá kí wọn dáadáa, wọ́n sì dá wọn padà. Ó yọ orin náà kúrò níbi gbogbo tó lè yọ ọ́ dé, àmọ́ ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó lọ dúró níwájú ìpàdé Alágbẹ̀dẹ, ó fi ohùn tí kò tíì gé hàn wọ́n, ó sì jẹ́wọ́ pé òun lòun ṣì í gé. Àwọn yẹn dárí jì í wẹ́rẹ́, ọmọ wọn náà ṣáà ni, wọ́n sì ti jẹ̀gbádùn yẹ̀yẹ́ náà tó. Ògiri gba ibi tó yẹ kó gbà. Màmá nìkan ló kù.

Níkẹyìn, wọ́n ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ní, “Ẹ̀rọ rẹ gbọ́ mi, ìwọ ò gbọ́ mi. Tó o bá fẹ́ kí n tún lanu, máa bọ̀ lówùúrọ̀, fi ẹ̀rọ sílé, kó o wá fi ẹnu ara rẹ kọ́ ọ.”

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ṣe jókòó sórí ẹní láràárọ̀, láti oṣù kẹfà ọdún 2017, tó ń kọ́ oríkì tí wọ́n fi ń sin ìyàwó. Àwọn ọmọbìnrin ilé ń fi í rẹ́rìn-ín pé, “Ìyàwó, ọkọ ń dúró o!” Bí ó bá fo orúkọ kan, Màmá á dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ baba ńlá àna yẹn ló fò jù, ọjọ́ mọ́kànlá ló sì fi wà lórí rẹ̀. Ó padà sọ fún wa pé ibẹ̀ lòun ti mọ̀ pé ibi tí Màmá ti ń mí kì í ṣe àlàfo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dúró kí ẹni tí wọ́n kì lè dáhùn. Ó ti ń gé irú ibẹ̀ sọnù láti ọdún 1989.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejì ọdún 2018, Tìmílẹ́yìn, àkọ́bí rẹ̀, ń lọ sílé ọkọ. Ìlẹ̀kùn Màmá ṣí. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí Bámijí, wọ́n ní, “Ìwọ ki ọmọ rẹ.” Àwọn obìnrin kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn ọkùnrin nínú oríkì ìyàwó. Nígbà tó fi dé ìran kẹta, ẹ̀rín ti tán. Ó dé ibi àwọn àna, ó pe orúkọ náà pé pérépéré, ó dúró, ó mí, àwọn àgbà Alágbẹ̀dẹ sì fi gbogbo ẹnu dáhùn láti òdìkejì ọ̀nà. Kò fo ẹyọ kan. Bí ohùn rẹ̀ ṣe fẹ́ já lójú ẹkún, Màmá gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì kì í dé òpin. Inú wa dùn lọ́jọ́ náà ju bí a ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Màmá ránṣẹ́ sí i pé, “Gbé ẹ̀rọ rẹ wá.”

Orin tó ti ibẹ̀ jáde gùn tó ìṣẹ́jú méjìdínlógójì. Bámijí kò gé ohùn Màmá rárá. Bíìtì ló ń tẹ̀ lé wọn. Níbi tí wọ́n bá ti yára, ìlù á yára, níbi tí wọ́n bá ti mí, ìlù á dúró dè wọ́n. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sọ fún wa pé ó le ju kí èèyàn gun igi ọ̀pẹ pẹ̀lú ọwọ́ kan. Kò tà á. Gbogbo ọmọbìnrin tó ti lọ sílé ọkọ láti agbo ilé méjèèjì láti ìgbà náà ló ní in lórí fóònù rẹ̀.

Láti ọdún 2019 títí di ọdún tó kọjá, ó lọ sí agbo ilé mọ́kànlá mìíràn, ó sì gba oríkì wọn sílẹ̀ lọ́nà kan náà: ó kọ́kọ́ fi ẹnu kọ́ ọ. Òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ wa, òun náà ló sì ń tún ti mọ́sáláṣí àdúgbò ṣe. Kò gba owó lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama bí a ṣe ń ṣe bíìtì.

Àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu ní ọdún 2024. Ó sùn nínú Olúwa ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ní Ìlọrin, nígbà tó ku oṣù kan àti díẹ̀ kí ó pé ọgọ́ta ọdún. Ó dùn wá púpọ̀. Àwa àgbà kò gbàdúrà kí a sin àbígbẹ̀yìn.

Ó fi aya rẹ̀ sáyé lọ, Alhaja Hàlímàt Àdùkẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀, Tìmílẹ́yìn, Olúwafẹ́rànmí àti Olúwabùnmi, ọmọ-ọmọ mẹ́ta, àwa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́rin, àwọn ọmọ iṣẹ́ tí a kò lè kà tán, àti Màmá Àdìkẹ́, tí wọ́n ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, tí ojú wọn ti ń ṣú, tí ohùn wọn kò tíì yẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí kọ̀ǹpútà láti wá orin náà fún òní. Wọ́n rí i pé nínú ẹ̀dà tó wà níbẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti orí fóònù, bíìtì kò parí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Màmá. Ó ń lọ fún bí ìṣẹ́jú méjì láìsí ohùn kankan lórí rẹ̀. Fẹ́rànmí rò pé bàbá òun ti gbàgbé láti gé e. Jàmíù mi orí, ó ní ọ̀gá kì í gbàgbé. Wọ́n gbé e lọ fún Màmá. Ohun tí àwọn ọmọ kò mọ̀, tí Màmá mọ̀, ni pé oríkì ilé kì í ní òpin. Ẹni tó bá kú gbẹ̀yìn ni a máa ń fi gùn ún.

Màmá gbọ́ ìlù náà títí ó fi dákẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n wá sọ pé, “Èmi ló fi àyè yìí sílẹ̀ dè. Ẹ tan ẹ̀rọ yín.”

Olúwabùnmi di máíkì mú sí wọn lẹ́nu. Ohun tí wọ́n kì síbẹ̀ nìyí, ẹ ó sì gbọ́ ọ ní ohùn wọn lónìí lẹ́bàá ibojì:

“Ọlábámijí, ọmọ atẹdùùrù,
ọmọ Aláró, ọmọ-ọmọ Alágbẹ̀dẹ.
Ó gé oríkì baba rẹ̀, ó fi ẹnu ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ padà.
Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè mí,
òun ló sùn lórí rẹ̀.”

Sùn re o, Bámijí. Ilé onílẹ̀ lo sùn sí, baba rẹ ló ni ín. Kí Olúwa tó gbà ọ́ dá àwọn tó o fi sílẹ̀ sí, kí ó sì jẹ́ kí ẹnu Màmá wa pẹ́ lórí rẹ. Àmín.